Owó Iṣẹ́ Gbọ́dọ̀ Ní Ìlà Tirẹ̀

Ẹ mú ìwé ìṣirò owó ilé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà ní Accra, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ owó iṣẹ́ sí. Ẹ óò rí sìmẹ́ǹtì, iye àpò rẹ̀ àti iye tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò rí yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, irin, búlọ́ọ̀kù, pákó àti páànù. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí gbogbo ohun tí wọ́n ń rà lọ́jà ti tán, ìlà kan ṣoṣo ni ẹ sábà máa ń bá níbẹ̀: workmanship, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ẹni tí yóò po sìmẹ́ǹtì, tí yóò gbé e, tí yóò to búlọ́ọ̀kù, tí yóò rẹ́ ògiri, tí yóò kun ún, inú ìlà kan yẹn ni wọ́n há wọn mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le. Iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tirẹ̀ àti iye tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ kúkúrú sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìlà náà tí yóò sọ ohun tó wà nínú owó yẹn àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí à ń lò lè ṣe é. Àwa ni a kì í fẹ́ ṣe é. Ohun tí èyí ń gbà lọ́wọ́ wa sì pọ̀: owó onílé, ọ̀yà òṣìṣẹ́, àti agbára ilé náà fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ó ní ibi tí àṣà yìí ti wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún ọ̀nà tí à ń gbà wọn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Gánà àti Nàìjíríà. Ìwé ìlànà ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Standard Method of Measurement kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní 1922. Ẹ̀dà keje rẹ̀, SMM7, jáde ní 1988, ọ̀pọ̀ àwọn aṣírò owó ilé ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló sì kọ́ ọ níléèwé. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé, àfi bí wọ́n bá dìídì kọ ọ́ lọ́tọ̀, iye tí a bá kọ síwájú iṣẹ́ kan ti kó ohun gbogbo pọ̀: ohun èlò, ọwọ́ ènìyàn, ẹ̀rọ, ohun tó máa ṣòfò, àti èrè. Ìlànà yìí bá ibi tí wọ́n ti ṣe é mu, nítorí agbaṣẹ́ṣe kan náà ni yóò ra ohun èlò, òun náà ni yóò sì gba òṣìṣẹ́. Orí èrò yẹn ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà kà. Bí ẹ bá ṣí ìlà tuntun nínú rẹ̀, ohun èlò, iye rẹ̀ àti ìdá tí yóò ṣòfò ló kọ́kọ́ ń béèrè.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń kọ́lé ní Accra? Ẹ lọ sí Kasoa, Amasaman, Oyibi tàbí Adenta. Onílé ló ń ra sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Ó lè ra ogún àpò lóṣù yìí, kó sì dúró títí ọjà yóò fi tún tà. Bí Yorùbá tó ń tajà ní Makola tàbí Tudu ṣe ń kọ́ tirẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọmọ rẹ̀ tó ń fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Bíríkìlà kò ra nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń tà. Kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìdá 30. Iye kan fún búlọ́ọ̀kù kan ló ń sọ. Oníná ń sọ iye kan fún ojú iná kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní point. Ẹni tó ń lẹ táìlì ń ka mítà. Àwọn kan tó ń da kọnkéré ń ka àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n bá pò. Gbogbo wọn ló ní òṣùwọ̀n. Ìwé ìṣirò wa nìkan ni kò ní.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye yìí, mi ò sọ pé iye ọjà nìyẹn. Ká ní pálọ̀ àti àwọn yàrá kan, tí gbogbo ilẹ̀ wọn jẹ́ mítà 100 níbùú-lóòró, fẹ́ gba táìlì. Táìlì kan wà tó jẹ́ 80 sídì fún mítà kan, òmíràn wà tó jẹ́ 200. Bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi, ohun kan náà la ó fi lẹ̀ wọ́n. Bí a bá lo ìdá 30, owó iṣẹ́ táìlì àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 2,400 sídì, ti èkejì yóò sì jẹ́ 6,000. Ṣé orúnkún ẹni tó ń lẹ táìlì mọ iye tí wọ́n rà á ni?

Ọwọ́ ènìyàn ló yẹ kí ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọ̀gá kan àti ọmọ iṣẹ́ kan ń lẹ mítà 10 lójúmọ́, ọjọ́ 10 ni wọn óò lò. Bí ọ̀gá bá ń gba 150 sídì lójúmọ́, tí ọmọ iṣẹ́ ń gba 100, ó di 2,500. Ká fi 250 lé e fún irinṣẹ́ àti owó ọkọ̀, ó di 2,750. Ìyẹn jẹ́ 27 sídì àti pésúwà 50 fún mítà kan, ì báà jẹ́ táìlì olówó pọ́ọ́kú tàbí èyí tó wọ́n. Ẹ wá fi wé ìdá 30. Nínú táìlì àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ pàdánù 350. Nínú èkejì, onílé san 3,250 ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì dájú pé ẹni tó kúnlẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà rí pésúwà kan nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji. Ìlà workmanship ní ìsàlẹ̀ ìwé ìṣirò gan-an ni ibòji náà.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tún ń ṣe ohun mìíràn nígbà tí ọjà bá gbóná. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìgbéga owó ọjà ní Gánà dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí owó iṣẹ́ bá so mọ́ iye sìmẹ́ǹtì, bí sìmẹ́ǹtì bá ṣe ń wọ́n ni owó iṣẹ́ orí ìwé yóò máa fò sókè. Ọ̀yà tí wọ́n bá lébìrà ṣe àdéhùn lẹ́nu kì í bá a fò. Ohun tí lébìrà nílò kò sì so mọ́ sìmẹ́ǹtì rárá. Kẹ́ńkẹ́ tó ń jẹ, owó trotro tó ń wọ̀ láti Ashaiman, owó ilé ọmọ rẹ̀, ìwọ̀nyí ló ń béèrè pé kí a tún ọ̀yà rẹ̀ wò. Níbi tí owó iṣẹ́ bá ti ní ìlà tirẹ̀, ẹ lè gbé e sókè kí ẹ sì mọ ìdí. Níbi tó bá ti jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ ló ń jẹ èrè ọ̀wọ́n.

Ẹnì kan lè sọ pé ìjọba ti dá iye sílẹ̀. Lóòótọ́, iye tó kéré jù lọ tí a lè san fún òṣìṣẹ́ lójúmọ́ ní Gánà jẹ́ 18.15 sídì ní 2024, ó sì di 19.97 ní 2025. Ìpìlẹ̀ nìyẹn, ẹ má fi ṣe òrùlé. Ẹ kò ní rí bíríkìlà tó mọṣẹ́ dáadáa tí yóò bá yín to búlọ́ọ̀kù ní Accra fún iye yẹn. Aṣírò tó bá fi í dá owó iṣẹ́, iye orí ìwé rẹ̀ yóò dùn ún wò títí ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ ìlà iṣẹ́-nìkan sínú kọ̀ǹpútà kò ṣòro, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà àbùjá kan wà tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ohun èlò sílẹ̀ nínú ìlà náà, wọn á wá kọ òdo síwájú rẹ̀. Bí ìwé bá jáde, onílé á rí búlọ́ọ̀kù 1,000 pẹ̀lú òdo sídì, á sì rò pé agbaṣẹ́ṣe ló máa kó o wá. Àwọn mìíràn á kọ iye kan gbọn-ọn-gbọn láìsí òṣùwọ̀n, tó fi jẹ́ pé bí ògiri bá dín kù tàbí tó pọ̀ sí i, kò sẹ́ni tó mọ bí owó yóò ṣe yí padà. Ohun tó tọ́ ni pé kí ohun èlò kúrò nínú ìlà yẹn pátápátá, kí a kọ «iṣẹ́ nìkan» mọ́ orúkọ rẹ̀, kí a sì lo òṣùwọ̀n tí oníṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń lò. Búlọ́ọ̀kù tó gùn ní ínṣì 18, tó sì ga ní ínṣì 9, mẹ́wàá rẹ̀ ló ń lọ sí mítà kan níbùú-lóòró. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé mítà 100 ni ògiri, ẹ kọ búlọ́ọ̀kù 1,000 sí ìlà iṣẹ́, kí bíríkìlà lè kà á.

Ìlà nìkan kò tó, àkọsílẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ń parí ìjà. Ká tún wo búlọ́ọ̀kù 1,000 yẹn. Ẹ ti gbà pẹ̀lú bíríkìlà lórí iye kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó kó búlọ́ọ̀kù wá kò lè wọ àdúgbò, ó já a sójú títì. Ta ni yóò san owó ẹni tó máa gbé e wọlé? Iye yẹn, ṣé ti ilẹ̀ nìkan ni, àbí ti àjà òkè náà? Omi táńkà ńkọ́, ní àdúgbò tí ẹ̀rọ omi kì í yọ? Pákó tí wọn yóò gùn ṣiṣẹ́, ta ló máa mú un wá? Ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, ṣé a ó yọ wọ́n kúrò nínú ìwọ̀n? Bí òjò oṣù Kẹfà bá dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣé lébìrà tó ti wọkọ̀ dé ibi iṣẹ́ yóò lọ lọ́wọ́ òfo? Bí ìyàwó onílé bá dé láti Èkó tó ní òun fẹ́ kí ilé ìdáná fẹ̀ sí i, ta ni yóò sanwó wíwó ògiri àkọ́kọ́?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé irú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló ń sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Gbólóhùn mẹ́rin péré ló sì lè dáhùn púpọ̀ nínú wọn:

«Títo búlọ́ọ̀kù ínṣì 6, ilé ìsàlẹ̀, iṣẹ́ nìkan, onílé ló ra búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì. Owó yìí kó pípo sìmẹ́ǹtì, gbígbé búlọ́ọ̀kù láti ojú títì, àti bíbu omi sí ògiri fún ọjọ́ méje. Kò kó owó omi, pákó ìgùnṣiṣẹ́, tàbí iṣẹ́ àjà òkè. Iye búlọ́ọ̀kù tí a bá tò gan-an la ó kà, a ó sì máa sanwó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.»

Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi bíbù yẹn dáadáa. Ògiri àti kọnkéré tuntun nílò omi fún ọjọ́ mélòó kan kí sìmẹ́ǹtì lè gbó dáadáa. Iṣẹ́ ni, ó ń gba àkókò ènìyàn. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí a kò sì sanwó rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò ṣe é. Bákan náà ni gbígún kọnkéré kó má baà ní ihò, àti fífọ yanrìn tó dọ̀tí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 2012, ilé tí ṣọ́ọ̀bù Melcom wà nínú rẹ̀ ní Achimota wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun tó ń tètè wá sẹ́nu wa ni ohun èlò: ṣé sìmẹ́ǹtì tó, ṣé irin nípọn tó? Ó yẹ ká tún máa béèrè bóyá owó wà nínú ìwé ìṣirò fún ẹni tí yóò lo ohun èlò yẹn bó ṣe tọ́. Bíríkìlà tí wọ́n ná owó rẹ̀ wálẹ̀ jù yóò wá ibi tí yóò ti rí i dí. Nínú omi bíbù àti pípo ló ti máa rí i, nítorí pé ojú onílé kò tó ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ètò ìṣirò ló ní oríṣi àkọsílẹ̀ méjì: èyí tó máa jáde nínú ìwé tí oníbàárà ń gbà, àti èyí tí aṣírò nìkan ń rí. Inú ẹlẹ́ẹ̀kejì la sábà máa ń kọ òótọ́ sí. Ẹ gbé e jáde. Ẹ sì kọ ọ́ kúkúrú, nítorí lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Accra, ẹ lè bá ẹni tó ń sọ Twi, Gã, Éwé, Haúsá àti Yorùbá, pẹ̀lú ẹni tó ti Lomé tàbí Kútọnu wá tó jẹ́ pé Faransé ló ń kà. Gbólóhùn kúkúrú ṣeé túmọ̀ lójú gbogbo ènìyàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ohùn náà á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé.

Mo mọ ohun tí àwọn agbaṣẹ́ṣe yóò sọ. Wọ́n á ní bí a bá tú owó iṣẹ́ síta, oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Òótọ́ ni pé yóò ná an. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ná àpapọ̀ náà? Bí ó bá ní kí ẹ yọ 5,000 kúrò nínú àpapọ̀, ẹ kò lè yọ ọ́ lára sìmẹ́ǹtì, nítorí ẹni tó ń tà á kò ní gbà. Ara òṣìṣẹ́ ni yóò ti kúrò, láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ná an. Bí ìlà bá wà, ẹ lè fi ìka tọ́ka sí i pé ọjọ́ mẹ́wàá àti ènìyàn méjì ló wà níbí, èwo nínú wọn ni kí a yọ? Ìbéèrè yẹn máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ronú.

Àtakò kejì ló wúwo jù. Àwọn tó ń jà fún òṣìṣẹ́ lè sọ pé gbàṣe iṣẹ́-nìkan ni àwọn ọ̀gá ń lò láti sá fún ojúṣe wọn. Ìbẹ̀rù wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, the lump ni wọ́n ń pè é, ó sì wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ní kí wọ́n fòpin sí nígbà ìyanṣẹ́lódì 1972. Ṣùgbọ́n ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà ṣe kọ́ wa ní nǹkan. Lábẹ́ ètò owó orí tí wọ́n ń pè ní CIS, ìdá 20 ni agbaṣẹ́ṣe ń yọ lórí owó iṣẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀, ìdá 30 lórí ti ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lórí owó ohun èlò. Àwọn Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ìwé tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè kó wàhálà bá ẹni tó ni ín.

Gánà náà ní òfin tó nílò ìyàsọ́tọ̀ yìí. Act 766 ti 2008 ní kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 13 lórí owó oṣù òṣìṣẹ́ sí owó ìfẹ̀yìntì, kí òṣìṣẹ́ sì san ìdá 5.5. Ìdá 13 lórí kí ni, bí kò bá sí ibi tí a kọ owó òṣìṣẹ́ sí? Act 651 ti 2003 ní kí a ka òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó bá ti bá agbanisíṣẹ́ kan náà ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà léraléra sí òṣìṣẹ́ tó dúró pẹ́. PNDC Law 187 ti 1987 ní kí agbanisíṣẹ́ san owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo òfin wọ̀nyí ń béèrè ìbéèrè kan: ta ni agbanisíṣẹ́? Nítorí náà, àkọsílẹ̀ abẹ́ ìlà iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó gba àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹni tí yóò gbé wọn lọ sílé ìwòsàn bí wọ́n bá já bọ́ láti orí pákó. Àgbájọpọ̀ owó ló ń bo ẹni tó ń sá fún ojúṣe rẹ̀, ìlà tó hàn gbangba kì í bò ó.

Àwọn tó lè yí èyí padà kò jìnnà. Ghana Institution of Surveyors, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, lè gbé àpẹẹrẹ ìwé ìṣirò iṣẹ́-nìkan jáde fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní KNUST ní Kumasi, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Èkó àti Ilé-Ifẹ̀, lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí onílé tó ń ra ohun èlò fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ́lé, yàtọ̀ sí bí iléeṣẹ́ ńlá ṣe ń kọ́ ọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ètò ìṣirò orí fóònù lè jẹ́ kí «iṣẹ́ nìkan» jẹ́ bọ́tìnì tó wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin onílé lágbára ju gbogbo wọn lọ, nítorí ọwọ́ yín ni owó wà. Kí ẹ tó san owó àkọ́kọ́, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó gbé ìwé ìṣirò wá: èwo ni owó iṣẹ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ni a fi wọ̀n ọ́n, kí ni kò sí nínú rẹ̀? Bí ó bá ní kọ̀ǹpútà òun kò lè ṣe é, ẹ fún un ní bébà àti bíró.